Ṣónẹ́yẹ Ọlọ́tí àti Wisikí Àgbàdo

"Ṣé ká rà á?"

"Ẹ wo ojú mi ná."

"Mo ń wò ó."

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ojú ẹni tí wọ́n bu omi ìṣanwọ́ fún mu."

"Ẹ dá a padà fún un nìyẹn. Ẹ rọra sọ ọ́ o, kí inú má bàa bí i."

Báyìí ni Ṣónẹ́yẹ àti Efúnlọ́lá ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ọlọ́tí bá gúnlẹ̀ sí Èbúté Afárá. Láyé ìgbà náà, ojú omi ni gbogbo ẹrù ń gbà wá láti Èkó. Bí ọkọ̀ bá ti kó àpótí wisikí dé, àwọn tó ń rà á tà a yí i ká. Ọlọ́kọ̀ a ṣí ìgò kan, a bu díẹ̀ sínú ife, oníbàárà a sì tọ́ ọ wò kó tó mọ̀ bóyá òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́. Wọn kì í rà á láìtọ́ ọ wò, nítorí wisikí mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣúgà jíjó àti omi ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ń ta ọtí ní èbúté náà, Ṣónẹ́yẹ ni wọ́n mọ̀ jù. Ahọ́n Èbúté ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá gba ife lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, a di ojú rẹ̀ pọ̀, a fi ọtí yí ẹnu ká, a mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ènìyàn a sì dákẹ́ bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò na ife náà sẹ́yìn sí ìyàwó rẹ̀, tí Efúnlọ́lá yóò sì fi ìyókù tó kù nísàlẹ̀ kan ẹnu, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Kò sí ẹni tó ń wo Efúnlọ́lá. Ṣùgbọ́n Ṣónẹ́yẹ a la ojú kan, a wo ojú ìyàwó rẹ̀ fìrí, a sì kọjú sí ọlọ́kọ̀.

"Mo fẹ́ ẹ," ni yóò sọ. Tàbí, "Máa gbé e lọ sí ibòmíràn."

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Ṣónẹ́yẹ kò lè mọ adùn ohunkóhun. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún, ibà kan gbé e dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tí ibà náà ń lọ, ó kó òórùn àti adùn lọ mọ́ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ tó le àti oúnjẹ tó rọ̀ ni ó mọ̀, èyí tó gbóná àti èyí tó tutù. Ọtí a máa ta á lọ́nà ọ̀fun bí ata, ó parí síbẹ̀. Èyí tó dára ń ta, èyí tí kò dára náà ń ta.

Ṣùgbọ́n ọtí ni bàbá rẹ̀ tà, ọtí náà ni ó jogún, ojú sì ń tì í láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Efúnlọ́lá nìkan ló mọ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí ó wọlé ọkọ tí ọbẹ̀ fi jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ṣónẹ́yẹ jẹ ẹ́, ó fi ìka nu abọ́, ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ lọ́wọ́, ìyàwó mi." Efúnlọ́lá wò ó. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi ojú náà kò dúró mọ́.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Èmi á máa tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ẹ máa bá wọn dúnàádúrà."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọn kò bímọ. Àwọn méjèèjì náà ni wọ́n wà nínú ilé wọn tó kọjú sí omi, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin máa ń jókòó lé nírọ̀lẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan a mu wisikí ife kékeré kan, wọ́n a sọ ọ̀rọ̀ tó ju ife lọ. Odùwọlé tó ń hun àwọ̀n ẹja ni olórí wọn nínú ká fini ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó wa," Odùwọlé a wí, "bí ẹ bá ń bu ọtí fún wa, ẹ jẹ́ kí ìka yín yọ̀ díẹ̀."

"Ìka mi kì í yọ̀," Efúnlọ́lá a dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ni kí ẹ jẹ́ kí àpò yín yọ̀ díẹ̀."

Bẹ́ǹṣì a mì fún ẹ̀rín.

Ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ ń mú, Efúnlọ́lá sọ ní òwúrọ̀ pé orí ń fọ́ òun. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kú.

Wọ́n sin ín. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n sọ ohun tí a máa ń sọ, wọ́n sì padà sí ilé wọn. Ó wá ku Ṣónẹ́yẹ nìkan. Ilé tí kò tóbi tẹ́lẹ̀ wá fẹ̀ débi pé bí ó bá wúkọ́ ní yàrá, ó ń gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń yí orí sẹ́yìn láti na nǹkan sí ẹnì kan, tí ọwọ́ rẹ̀ a sì dúró lófuurufú. Ó se ọbẹ̀ kan, ó jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí obìnrin aládùúgbò kan tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà tó sì fi ọwọ́ di imú.

"Bàbá! Ọbẹ̀ yín ti kan!"

"Mo mọ̀," ni Ṣónẹ́yẹ wí. "Mo fẹ́ dà á nù ni."

Ó dà á nù. Ó jókòó ti ìkòkò òfìfo náà títí oòrùn fi yí.

Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló kù fún un. Bí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn a dé, a jókòó, a sì kí i. Ìgbà yẹn nìkan ni ó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó mọ̀ ọ́n dájú pé ọtí ló ń mú wọn wá. Bí ọtí bá bàjẹ́, ìjókòó á tú. Bí ìjókòó bá tú, kò ní sí ẹni tí yóò máa sọ fún un pé kí ilẹ̀ mọ́ ire mọ́.

Nígbà tí ọtí inú ilé wá ń tán lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté.

Jákọ́bù, ọlọ́kọ̀ láti Èkó, dọ̀bálẹ̀ kí i. "Ahọ́n Èbúté, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ wá tọ́ èyí wò."

Ṣónẹ́yẹ gba ife. Ó di ojú, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sẹ́yìn, ó dá a dúró. Nígbà náà ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Ó tó ènìyàn mẹ́wàá tó ń tọ́ ọtí wò níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ojú. Ohun tí ó fi ọdún mẹ́rìnlélógún kà lójú ìyàwó rẹ̀, ṣé kò lè kà á lójú àwọn wọ̀nyí?

Ó fẹ̀yìn ti òpó, ó ń wò wọ́n. Ọkùnrin kan gbé ife sẹ́nu nídìí àpótí tó wà lápá òsì, ojú rẹ̀ sì là gbàà, eyín rẹ̀ yọ, ó fi ọwọ́ gbá àyà. Ṣónẹ́yẹ kò dúró mọ́.

"Àpótí apá òsì yẹn," ni ó wí fún Jákọ́bù. "Gbogbo rẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, àwọn mẹ́rin mu ún. Bàbá kan nínú wọn tó ń kan ọkọ̀ gbé ife rẹ̀ sókè, ó yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ṣónẹ́yẹ, ṣé wọ́n ti fọ ọmọ nínú ìgò yìí rí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣónẹ́yẹ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ni ó gbọ́ pé ọkùnrin tí ojú rẹ̀ là ní èbúté kò fẹ́ràn wisikí náà rárá. Bí ó ti gbé ife sẹ́nu ni ẹnì kan sáré wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti bí ìbejì. Ìbejì ni ó ń tọ́ wò, kì í ṣe ọtí.

Nígbà kejì, Ṣónẹ́yẹ ṣọ́ra. Ó rí arúgbó kan tó mu lára àpótí kan tó sì fún ojú pọ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Ó yẹra fún àpótí náà, ó ra ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo èbúté fi ń sọ̀rọ̀ nípa bí wisikí tí Ṣónẹ́yẹ kọ̀ ṣe dùn tó. Eyín ló ń dun arúgbó náà. Èyí tí Ṣónẹ́yẹ rà ni kò sí ẹni tó lè mu ún délẹ̀.

Ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹnì kan ní ikọ́ ń ṣe òun. Ẹnì kejì ní oníṣègùn ti ní kí òun fi ọtí sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Ṣónẹ́yẹ rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí mìíràn, ife lọ́wọ́, tó yára gbé e sí ẹ̀yìn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Ẹnì kẹta kò sọ ohunkóhun. Kò kàn wá mọ́.

Odùwọlé nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì tó gba ènìyàn mẹ́fà. Ó ń jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀, bóyá kí ó má bàa dàbí pé àyè ṣófo.

Àsìkò yìí ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ gbẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tán. Ṣógbèsan, olórí wọn, fúnra rẹ̀ gun òkè wá bá Ṣónẹ́yẹ.

"Ọjọ́ karùn-ún òní ni a óò ti ọkọ̀ wa sómi," ni ó wí. "Ọ̀dọ̀ rẹ la ti máa ń ra ọtí tí a fi ń ṣe é."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

"Má tíì dúpẹ́. Àwọn kan ní kí n lọ rà á níbòmíràn. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó rẹ ti lọ, ọkàn rẹ kò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Mo ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Ahọ́n kì í kú kí ẹni tó ni ín tó kú. Má dójú tì mí."

"Mi ò ní dójú tì yín."

Ṣógbèsan wo bẹ́ǹṣì gígùn náà, ó wo Odùwọlé tó dá jókòó sórí rẹ̀. "Bí ọtí náà bá dára," ni ó wí, "gbogbo wọn ni yóò padà wá síbí."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò létí Ṣónẹ́yẹ mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Jákọ́bù dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òun ni ó kọ́kọ́ dé etí omi, ó sì mú Odùwọlé dání. Jákọ́bù gbé ìgò kan jáde tí wọ́n ya àwòrán ẹṣin sí lára.

"Ọtí tuntun nìyí. Wisikí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é."

"Àgbàdo?" ni Odùwọlé wí. "Àgbàdo tí à ń yan jẹ yìí?"

"Òun náà ni. Wọ́n a rọ ọ́ sínú àgbá tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀, wọ́n a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin."

"Àwa náà ń fi àgbàdo ṣe ọtí níbí. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ là ń pè é. A kì í jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́rin ká tó mu ún tán."

"Bàbá, ẹ mu ún kí ẹ tó máa bú u."

Ṣónẹ́yẹ gba ife. Ó di ojú, ó mi orí. Lẹ́yìn náà, ó na ife náà sí Odùwọlé.

Odùwọlé fi ẹnu kàn án. Ọtí náà burú. Ó dàbí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò aró, tí wọ́n wá bu ṣúgà jíjó sí. Ó fẹ́ tu ú nù. Ó gbé ojú sókè láti wá ibi tí yóò tu ú sí, ó sì rí ojú Ṣónẹ́yẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò ó. Kò ṣẹ́jú, kò mí. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀nà láti àárọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ènìyàn lókèèrè tí kò tíì mọ̀ bóyá ẹni tí òun ń retí ni. Odùwọlé rántí bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Ó rántí pé ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, òun náà ti ń ro ohun tí òun yóò sọ tí òun kò fi ní máa wá mọ́. Àánú àti ìtìjú gbá a mú pọ̀. Ó gbé ọtí náà mì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dùn?" ni Ṣónẹ́yẹ bi í.

"Ó dùn."

"Gbé ojú sókè dáadáa kí n rí ọ. Ó dùn?"

"Ṣónẹ́yẹ, ó dùn jọjọ. Kí ni kí n tún ṣe? Kí n jó?"

Ṣónẹ́yẹ yíjú sí Jákọ́bù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ọyẹ́, ohùn rẹ̀ jáde ketekete. "Gbogbo àpótí rẹ̀. Má fi ọ̀kan sílẹ̀."

Odùwọlé bá wọn ka àpótí náà. Ó rò pé àwọn ọlọ́kọ̀ á ti mu ẹmu yó kí wọ́n tó débi wisikí, wọn kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi ewé ọ̀pẹ ṣe ọkọ̀ tuntun náà lọ́ṣọ̀ọ́ ní etí omi. Àwo oyin àti àwo iyọ̀ wà lórí ẹní, èyí tí wọn yóò fi súre fún un. Àṣà Èbúté Afárá ni pé ẹni tó ta ọtí ni yóò kọ́kọ́ mu ún lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí ìkà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olórí ọlọ́kọ̀, lẹ́yìn olórí ni àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó ta á sí iwájú ọkọ̀.

"Ahọ́n Èbúté!" ni Ṣógbèsan pè. "Wá fi ẹnu kàn án."

Ṣónẹ́yẹ bọ́ síwájú pẹ̀lú agbádá funfun. Ó gbé ife sẹ́nu, ó di ojú, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e mì, ó sì na apá méjèèjì.

"Oyin!" ni ó kígbe. "Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, oyin ni mo kó wá fún yín! Láti ìgbà tí mo ti ń ta ọtí, mi ò tíì tọ́ irú rẹ̀ wò rí!"

Wọ́n hó yèè. Ó rí àwọn mẹ́ta tó ti fi bẹ́ǹṣì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín èrò. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọwọ́ sókè sí i, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ dúró sílẹ̀.

Ṣógbèsan mu tirẹ̀. Kò gbé e mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó yíjú sí omi, ó sì tu ú sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Àgbà kejì mu ún, ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Àgbà kẹta mu ún, ó fi etí agbádá nu ahọ́n. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣónẹ́yẹ," ni Ṣógbèsan wí.

"Ẹ̀gbọ́n."

"O ní kí ni èyí?"

"Oyin ni mo wí."

"Oyin."

"Oyin ni, ẹ̀gbọ́n."

Ṣógbèsan wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó tẹ̀ bá àwo tó wà lórí ẹní, ó sì ṣe ohun kan tí gbogbo àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí, àfi Ṣónẹ́yẹ. Nígbà tí ó yí padà, ife mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tọ́ èyí wò. Láti inú ìgò mìíràn ni."

Ṣónẹ́yẹ gba ife náà. Ó ṣe bí ó ti máa ń ṣe: ó wá ojú. Ó wo ojú Ṣógbèsan. Ó dàbí ara ògiri. Ó wo àwọn àgbà; omi ni wọ́n ń wò. Ó wo àwọn mẹ́ta yẹn, wọ́n sì yí ojú kúrò. Níkẹyìn, ó rí Odùwọlé lẹ́yìn gbogbo wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwọ̀n tí wọ́n sá. Odùwọlé rí i pé ó ń wo òun, ó sì tẹ orí ba.

Kò sí ojú kan láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn tí ó lè kà. Ó mu ún. Ó ta á lọ́fun bí ti àkọ́kọ́.

"Èyí tilẹ̀ tún dára ju ti ìṣáájú lọ," ni ó wí.

Obìnrin kan figbe ta, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Iyọ̀ ni mo bù sí i, Ṣónẹ́yẹ," ni Ṣógbèsan wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀." Ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún."

"Ta ló wá ń bá ọ tọ́ ọ wò ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

Ṣónẹ́yẹ yí orí sẹ́yìn bí ó ti máa ń ṣe. Obìnrin arúgbó kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní èbúté ló rántí ife tó máa ń lọ sẹ́yìn, ó sì dáhùn láti àárín èrò.

"Efúnlọ́lá ni."

Kò sí ẹni tó bú u. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n lọ gbé ẹmu wá, wọ́n ta á sí iwájú ọkọ̀, wọ́n súre fún un, wọ́n sì tì í sómi pẹ̀lú orin. Wọ́n kó àpótí wisikí àgbàdo náà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹrù ẹni tí kò tíì dé. Ṣónẹ́yẹ dúró tì wọ́n. Bí orin náà ti ń jìnnà lójú omi, bẹ́ẹ̀ ni èrò ń tẹ̀lé e ní etí bèbè, títí ó fi ku òun nìkan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Odùwọlé gun òkè wá. Ó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ẹrù kékeré kan sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó tì í.

"Níbo lò ń lọ?"

"Abúlé àwọn ìyá mi. Wọ́n ń gbẹ́ àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ àjẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ bó bá gún tàbí bó bá wọ́."

"Ṣónẹ́yẹ, ọtí yẹn kò dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn."

"Mo ti mọ̀."

"Mo rẹ́rìn-ín nítorí bí o ṣe ń wò mí ni. Mo rò pé ìyìn lo fẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rí lo fẹ́ lẹ́nu mi. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Ọdún mélòó la ti jọ ń jókòó lórí igi yìí?"

"Ojú ń tì mí."

"Lójú èmi?"

"Lójú ìwọ gan-an."

Ṣónẹ́yẹ dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀. Odùwọlé tẹ̀lé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe. Ọkọ̀ kékeré kan ti ń dúró. Ṣónẹ́yẹ wọ inú rẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ibi tó ń lọ. Atukọ̀ fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ọkọ̀ sì ń fà sẹ́yìn kúrò ní èbúté díẹ̀díẹ̀.

Odùwọlé kò lè mú un mọ́ra. Ó rìn wọ inú omi dé orúnkún.

"Padà, Ṣónẹ́yẹ! Èmi á máa bá ọ tọ́ ọ wò! Bí ìyàwó rẹ ti ń ṣe é! Mo búra, mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́!"

Ṣónẹ́yẹ yí orí padà. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n kò wá ohunkóhun lójú rẹ̀ mọ́.

"Èmi àti Efúnlọ́lá, ojú kan náà la ní," ni ó wí. "Wọ́n ti sin ín."

Atukọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ṣónẹ́yẹ sọ tẹ̀lé èyí kò le, kò sì ga, ṣùgbọ́n omi gbé e dé etí àwọn tó ń kó ẹrù ní èbúté ní òwúrọ̀ náà. Ẹnu wọn ló gbà dé ìlú mìíràn, tó fi di òwe tí àgbà kọ̀ọ̀kan ń pa fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ọrọ̀ rẹ̀ lé ìmọ̀ ẹlòmíràn lórí, títí di ọjọ́ òní:

"Odùwọlé, a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè."